Alhaja Ò Ní Bá Ẹrù Wálé

Ìyá ìyá mi kò lè jókòó. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n tí kò ní kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá lọ kí wọn nílé wọn l'Ágége, ẹ̀yin lẹ máa jókòó, àwọn ló máa dìde. Wọ́n á gbé omi wá, wọ́n á lọ yọjú sí àwọn tó ń po ìyẹ̀fun nídìí ààrò búrẹ́dì, wọ́n á padà wá béèrè àlàáfíà ọmọ yín, kí ẹ sì tó dáhùn, wọ́n ti wà níta, wọ́n ń wòkè. Bàálù ló ń kọjá. Ilé Alhaja wà lábẹ́ ọ̀nà tí bàálù ń gbà balẹ̀ sí Ìkẹjà. Tí ó bá ti ń bọ̀, páànù òrùlé á máa gbọ̀n, àlejò á panu mọ́ títí tó fi máa kọjá. Alhaja ò ní panu mọ́ ní tiwọn. Wọ́n á gbé ọwọ́ síwájú orí: "Ti Àbújá nìyẹn. Àárọ̀ ló yẹ kó ti dé. Aláìnítìjú!"

Àwọn àti Bàbá, ọkọ wọn, ló jọ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Agége, búrẹ́dì ni wọ́n sì fi tọ́ ìyá mi àti àwọn arákùnrin rẹ̀. Nígbà tí Bàbá kú, tí ìyá mi gba iṣẹ́ ààrò lọ́wọ́ wọn, ó rò pé wọ́n á sinmi. Ta ní ń sinmi? Wọ́n ń dá sí iyọ̀, wọ́n ń dá sí ṣúgà, wọ́n ń bá àwọn tó ń wá kó búrẹ́dì jà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà sú ìyá mi, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún wọn kí wọ́n lọ síbi ìkómọ kan l'Ábújá. Ti Mẹ́kà ò sí nínú èyí o. Agbo èrò ni wọ́n kó wọn mọ́ lọ Mẹ́kà, agbo èrò ni wọ́n kó wọn mọ́ bọ̀, wọn ò fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan kan. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Alhaja máa dá wọ bàálù. Gbogbo wa rò pé ẹ̀rù á bà wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n dé, wọn ò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi bi ìyá mi pé, "Ìgbà wo ni òmíràn?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n lọ Àbújá, wọ́n lọ Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọ̀ Bọ̀dá Múfú, àbúrò ìyá mi, wọ́n dé, wọ́n tún lọ. Alhaja ka ìwé mẹ́fà, ohun tí wọ́n bá sì rí, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni LOS tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ àpótí àwọn. Mo ní Èkó ni. Wọ́n ní, "Ibo ni Èkó wà nínú ìyẹn?" Mo ṣàlàyé pé gbogbo ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí ló ní lẹ́tà mẹ́ta tirẹ̀: ABV ni Àbújá, LHR ni ọ̀kan nínú àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n rò ó díẹ̀. "Oríkì ìlú ni," ni wọ́n wí, ó sì di oríkì láti ọjọ́ náà. Tí wọ́n bá ti fẹ́ rìnrìn àjò, wọn ò ní kúrò níwájú ẹni tó ń gba ẹrù àfi tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí wọn, tí wọ́n ka lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè ketekete. Àwọn tó tò sẹ́yìn á máa kùn. Alhaja á yíjú sí wọn, wọ́n á ní, "Ẹ máa kùn. Ẹrù tí oríkì rẹ̀ ò bá pé, ilé ẹlòmíì ló ń sùn."

Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Àgídìngbì tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ fún àwọn fákítọ̀rì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi kiri, inú Alhaja dùn ju tèmi lọ. Wọ́n ní mo ti wọ ẹgbẹ́. Mo wá di ọmọ iṣẹ́ wọn. Mo sì ń ya alágídí. Ìgbà kan, mo ní tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ sí Ìlọrin. Ọ̀rẹ́ mi kan ń wa mọ́tò lọ síbẹ̀, mo bá a lọ, mo ní màá fi bàálù bọ̀. Alhaja ní kí n pe àwọn oníbàálù kí n sọ fún wọn. Mo ní kí ló kàn wọ́n, ṣebí mo ti sanwó? Nígbà tí mo dé pápákọ̀ láti máa bọ̀ wálé, ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi, ó ní orúkọ mi ti di "no-show", ìyẹn ẹni tí wọ́n retí tí wọn ò rí. Nítorí pé mi ò yọjú lọ́jọ́ àlọ, wọ́n ti pa àbọ̀ náà rẹ́. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ wálé, ẹsẹ̀ mi wà lórí àpò ìrẹsì ẹni ẹlẹ́ni. Mo pe Alhaja kí wọ́n lè bá mi bínú. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. "Rónkẹ́ mi, tí o ò bá lọ, wọn ò gbà pé o máa bọ̀."

Kì í ṣe pé Alhaja mọ̀ ọ́n tán o. Kò sóhun tó burú tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nǹkan. Ilé-iṣẹ́ bàálù kan fún wọn ní káàdì tí wọ́n ń fún àwọn tó ń fò léraléra, wọ́n kọ silver sí i lára. Káàdì yìí wà fún kí wọ́n tètè wọ bàálù, kí wọ́n sì fún wọn láàyè ẹrù díẹ̀ sí i. Alhaja ò gbà pé ibẹ̀ ló mọ. Mo sìn wọ́n lọ sí ọsibítù kékeré kan l'Ọ́gbà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, èrò pọ̀ bíi nǹkan míì. Wọ́n kọjá gbogbo wọn, wọ́n gbé káàdì lé orí tábìlì nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, èyí kì í ṣe tiwa."

"Wò ó dáadáa, ọmọ mi. Silver ni."

"Màmá, ti bàálù ni."

"Mo mọ̀. Ṣé ẹni tí wọn kì í jẹ́ kó tò níbi bàálù, ibi abẹ́rẹ́ ló ti máa wá tò?"

Ilẹ̀ ò gbà mí. Àwọn aláìsàn rẹ́rìn-ín débi pé bàbá kan ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí Alhaja wọlé.

Ti "direct" ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Bọ̀dá Múfú ra tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù fún wọn, ó ní direct ni. Bàálù gbéra n'Íkẹjà, kò pẹ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Alhaja wo ojú fèrèsé, wọ́n rí òkúta ńlá tí wọ́n mọ̀. Àbújá! Wọ́n tú bẹ́líìtì, wọ́n gbé àpò búrẹ́dì wọn, wọ́n ní kí awakọ̀ wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú èrò bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní èrò ni wọ́n fẹ́ kó sí i níbẹ̀, bàálù kan náà ló ń lọ. Alhaja bá pe ọmọ wọn tó ń gbé Àbújá: "Mo wà nílùú yín o. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀. Ṣé ẹ jẹun?" Ìgbà tí wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n bá Bọ̀dá Múfú jà láti pápákọ̀ dé ilé. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún: "Direct, o ò ní pààrọ̀ ọkọ̀ ni. Wọn ò sọ pé ọkọ̀ ò ní yà."

Mo ti ń rẹ́rìn-ín jù. Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ Lúkú.

Lúkú ya yàrá nílé Alhaja, ibi tí wọ́n ń kó ẹrù bàálù sí n'Íkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, a jọ jókòó nídìí ààrò, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná, ó ń ráhùn. Ó ní wọ́n gbé òkú kan dé láti òkè òkun, ìwé rẹ̀ ò pé, ó wà níbẹ̀ láàárín páálí àti táyà, àwọn ẹbí ń sunkún lẹ́nu géètì.

Alhaja ní, "Kí ni wọ́n kọ sí i lára?"

"HUM, Alhaja. Ohun tí à ń kọ sára òkú nìyẹn, ibikíbi tó bá ti wá."

"Òkú Mùsùlùmí?"

"Òkú yòówù, mà. Ẹrù ni gbogbo rẹ̀."

Alhaja gbé búrẹ́dì ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n jáde, wọ́n wọlé, wọ́n tún jáde. Ẹ̀rù tí bàálù ò dá bà wọ́n rí, lẹ́tà mẹ́ta yìí ló dá a bà wọ́n. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n pe ìyá mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbẹ́ Bàbá yín ni kí ẹ sin mí sí, lọ́jọ́ tí mo bá kú gan-an, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ibi tí mo bá wà, tí ẹ bá rí i pé ikú ń bọ̀, ẹ gbé mi wálé kó tó dé. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí n bá ẹrù wálé."

Ìyá mi fara ya. Ó ní, "Ṣebí kí ẹ jókòó sílé ni! Tí ẹ bá wà l'Ágége, ta ló máa kọ HUM sí yín lára?"

"Ìyẹn ni mi ò lè ṣe," ni Alhaja wí.

Wọn ò sì ṣe é. Orúnkún tó ń dùn wọ́n ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún wọn. A bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn tọrọ àga onítáyà ní pápákọ̀, àga náà sì ní lẹ́tà tirẹ̀. WCHR ni wọ́n kọ sí orúkọ wọn lákọ̀ọ́kọ́, fún ẹni tí kò lè rìn jìnnà ṣùgbọ́n tó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn bàálù. Nígbà tó yá, ó di WCHS, ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ ṣùgbọ́n tó lè rìn dé ìjókòó rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni WCHC, ẹni tí wọ́n á gbé lé orí ìjókòó. Alhaja fara mọ́ R, wọ́n fi ìbínú gba S. C ni wọn ò fẹ́ gbọ́. Tí ẹni tó ń tì wọ́n bá ń falẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa dá rìn lọ, òun á máa ti àga òfìfo tẹ̀ lé wọn. Mo ní ṣé kí n kúkú sọ pé C ni, kí ó lè rọrùn fún wọn. Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "C ti sún mọ́ ẹrù jù."

Lọ́ńdọ̀nù ni àìsàn ọkàn ti kọlù wọ́n. Dókítà ní kí wọ́n má ṣe kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Bọ̀dá Múfú náà ní kí wọ́n dúró gba ìtọ́jú. Alhaja ní ó ti tó, àwọn ń lọ sílé. Mo gbọ́ ìjà náà lórí fóònù láti Agége.

"Ìyá mi, tí nǹkan bá ṣe yín lókè ńkọ́?"

"Tó bá ṣe mí lórí ìjókòó mi, èrò ló ṣe. Tó bá ṣe mí nílé rẹ, ìwọ lo máa wá páálí."

Bọ̀dá Múfú sunkún. Ìyá mi ní kí n lọ mú wọn wá, torí ilé-iṣẹ́ mi ti rán mi lọ sí ìlú náà rí, fíìsà mi ò tíì kú. Mo dé ibẹ̀ mo bá wọn, wọ́n ti gbẹ. Ojú wọn nìkan ló ń rìn. Dókítà fọwọ́ sí i pé wọ́n lè wọ bàálù, ṣùgbọ́n kíá ni, ó ní òun ò mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ máa mú wá.

Àǹtí Bísí, ìyàwó Bọ̀dá Múfú, ló ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí n tó dé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Àǹtí Bísí, wọ́n sì kọ́ ọ nílé dáadáa. Láti ọjọ́ tó ti di ìyàwó wa, kò pe orúkọ ẹnì kankan rí nínú ẹbí ọkọ rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ lójú rẹ̀, "Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀" ló ń pè mí. Èmi ni mo sábà máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì Alhaja, orúkọ inú ìwé ìrìnnà ni mo sì máa ń kọ, Rísíkátù. Àǹtí Bísí ò wo ìwé ìrìnnà. Inú àpò Alhaja ló wà, kò sì jẹ́ tú àpò ìyá ọkọ rẹ̀ wò. Ohun tí ayé ń pè wọ́n ló kọ: Alhaja Àbẹ̀kẹ́, ó wá fi orúkọ ìdílé wa sí i.

A dé iwájú ẹni tó ń gba èrò wọlé. Obìnrin náà wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo ìwé ìrìnnà, ó ní ènìyàn méjì nìyí. Mo wò ó, Àbẹ̀kẹ́ wà lórí ọ̀kan, Rísíkátù wà lórí èkejì. Mo ní ẹnì kan náà ni, ọ̀kan jẹ́ oyè, ọ̀kan jẹ́ oríkì. Ó ní òun ò sọ pé irọ́ ni mò ń pa, ṣùgbọ́n ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì náà ló gbọ́dọ̀ pe àwọn tó tà á, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ èrò náà bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, kí wọ́n lè tún un ṣe. Ó sì fi kún un pé àwọn máa tó tìlẹ̀kùn.

Àǹtí Bísí pe nọ́ńbà náà. Wọ́n gbé e. Ó sọ orúkọ tirẹ̀, ó sọ káàdì tó fi sanwó. Wọ́n bi í lórúkọ èrò. Ó yíjú sí mi.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ sọ ọ́."

Ó mọ orúkọ náà. Ẹnu rẹ̀ ni kò gbà á. Mo gba fóònù, mo sọ ọ́, ẹni tó wà lórí fóònù lọ́hùn-ún ní òun ò fẹ́ gbọ́ tèmi. Bọ̀dá Múfú ti lọ wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, mò ń wo aago, mo fẹ́ pariwo. Àǹtí Bísí bá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ dídán yẹn, lójú gbogbo èrò, níwájú àga onítáyà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi, mà. Èmi ni mo ba ìrìn àjò yín jẹ́."

Alhaja na ọwọ́, wọ́n gbá a mọ́ra. Ohùn wọn ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

"Bísí, pè mí. Tí o ò bá pè mí, báwo ni mo ṣe máa jẹ́?"

Ó wo ojú wọn. Ó gbé fóònù sétí. "Rísíkátù," ló wí.

"Ẹ́ẹ̀n!" ni Alhaja dáhùn, gbangba, bí ọmọ tí tíṣà pè ní kíláàsì. Mo sunkún. Obìnrin tó ń gba èrò wọlé gan-an, tí kò gbọ́ Yorùbá, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n tún orúkọ ṣe. Wọ́n ti àga náà, eré ni mo ń sá tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà bàálù, S ló wà lára ìwé wọn, wọ́n sì gbìyànjú láti dìde kí wọ́n lè rìn dé ìjókòó. Ẹsẹ̀ kọ̀. Wọ́n tún gbìyànjú. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, ọ̀kan ń béèrè bóyá màmá yìí lè lọ. Mo rí i pé wọ́n fẹ́ dá wa padà. Alhaja náà rí i. Wọ́n fà mí sún mọ́ra.

"Sọ fún wọn kí wọ́n kọ C sí i."

"Alhaja?"

"C náà, èrò ni. Mo ní nọ́ńbà ìjókòó."

Wọ́n gbé wọn bí ọmọ tuntun, wọ́n gbé wọn kalẹ̀ sórí ìjókòó wọn. Alhaja ò sùn. Àwòrán ibi tí bàálù dé wà lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níwájú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń wò. "A ti dé aṣálẹ̀?" Mo ní a ti dé e. Wọ́n á tún yíjú sí àwòrán náà. "A ti kúrò ní aṣálẹ̀?" Èmi náà ò lè sùn, ọwọ́ wọn ni mo ń dì mú, mò ń wá ìlù ọkàn wọn pẹ̀lú ìka mi, tí mo bá rí i, màá tún máa wá a. N ò bẹ Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí táyà kan ilẹ̀ n'Íkẹjà, tí àwọn èrò pàtẹ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, Alhaja yọ ọwọ́ wọn kúrò nínú tèmi kí wọ́n lè bá wọn pàtẹ́wọ́.

A gbé wọn dé Agége. Ìyá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun wà lápá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n lò sí i láàárín wa. Nígbà tí ikú dé, wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, a sì sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá lọ́jọ́ náà gan-an, bí wọ́n ṣe fẹ́. Àlùfáà béèrè orúkọ wọn. Àǹtí Bísí wà lórí fóònù láti Lọ́ńdọ̀nù, òun ló kọ́kọ́ dáhùn.

Ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ ìsìnkú yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ wọn. Páànù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sì gbọ́ bàálù tó ń bọ̀, ìró rẹ̀ ń ga sí i. Mo dìde kí n lè lọ wò ó níta, kí n wá jíṣẹ́ fún wọn bóyá ti Àbújá ni, bóyá ó pẹ́. Alhaja di etí aṣọ mi mú. Wọn ò la ojú.

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Tèmi ti balẹ̀."